Ìjókòó SAT méjì, ACT kan: èwo ni ká fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà?

Olùtọ́nà_Kàbà:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin SS3 kan ni mo gbé wá. Ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe, Amẹ́ríkà ló sì ń wò. Máàkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú SAT àti ACT, ìdánwò méjì tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì Amẹ́ríkà, nìyí:

SAT oṣù kẹta: Kíkà àti Kíkọ 610, Ìṣirò 720, àpapọ̀ 1330.
SAT oṣù kẹjọ: Kíkà àti Kíkọ 670, Ìṣirò 690, àpapọ̀ 1360.
ACT ẹ̀ẹ̀kan: Gẹ̀ẹ́sì 30, Ìṣirò 27, Kíkà 30, àpapọ̀ 29. Kò ṣe apá sáyẹ́ǹsì.

Ilé ìwé tó mú ni Dartmouth, Georgetown, Georgia Tech, Bowdoin àti University of California ti Davis. Bàbá rẹ̀ ní ká kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ síbi gbogbo, pé ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ ni wọ́n ń fọkàn tán. Ìyá rẹ̀ ní 1360 nìkan ni ká fi ránṣẹ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí 610 yẹn láéláé, pé bó bá ṣeé ṣe ká má fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ta ló tọ̀nà? Ṣé ACT yẹn wúlò síbì kankan? Ṣé kó tún lọ jókòó ní oṣù kejìlá? Àti pé ṣé wọ́n máa béèrè WAEC àti JAMB? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú dáhùn.

---

Ọmọ_Ìsánlú:

Okun o, Olùkọ́. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wa.

Ilé ìwé tí kálukú wọn ń rò lọ́kàn ló yàtọ̀. Bàbá tọ̀nà ní Georgetown, ọmọ tọ̀nà ní Davis. Ìyá ni mi ò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bá a mu, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Amẹ́ríkà kò ní ohun tó dà bíi JAMB tó ń pàṣẹ fún gbogbo yunifásítì. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin tirẹ̀, ó sì lè yí i padà bó bá di ọdún tó ń bọ̀. Ká tó wo máàkì rárá, ẹ ṣí ojú ewé ìgbaniwọlé ilé ìwé márààrún, kí ẹ wá ìdáhùn sí nǹkan mẹ́ta. Ṣé dandan ni ìdánwò yìí fún wọn? Ṣé gbogbo ìjókòó ni wọ́n fẹ́ rí, àbí èyí tó wu ọmọ? Ṣé wọ́n máa ń mú apá tó dára jù nínú ìjókòó kan mọ́ apá tó dára jù nínú òmíràn? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n ń pè ní superscore.

Davis ló rọrùn jù. Kò sí ọgbà University of California kan tó ń wo SAT tàbí ACT láti gbani wọlé tàbí láti fún ni ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Ọdún 2020 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ wọn pinnu láti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí fífi máàkì ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ kàn bi àwọn òbí rẹ̀ dáadáa nípa owó o, nítorí iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ òkè òkun níbẹ̀ ga ju ti ọmọ ìpínlẹ̀ lọ fíìfíì, ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún un sì kéré.

Georgetown kò fẹ́ ká ṣà á. Gbogbo àkọsílẹ̀ ìdánwò ọmọ ni wọ́n ń béèrè, ti SAT àti ti ACT, láìyọ ìjókòó kan sílẹ̀. 1330, 1360 àti 29 máa lọ síbẹ̀ pa pọ̀. Kí ọmọ má bẹ̀rù 610: apá tó ga jù ni wọ́n máa ń wò nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dé iwájú wọn. Ohun tó burú ni kí ó fi ìjókòó kan pamọ́ nígbà tí òfin ní kó kó gbogbo rẹ̀ wá. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ òtítọ́ àti irọ́, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ máàkì.

Georgia Tech, dandan ni níbẹ̀. Yunifásítì ìjọba ni, ó sì gba superscore. Ibí ni ọ̀rọ̀ ìyá ti kùnà. Ètò Score Choice tí College Board, àwọn tó ń ṣe SAT, gbé kalẹ̀, odindi ìjókòó lèèyàn ń mú níbẹ̀. A kò lè gé Ìṣirò oṣù kẹta kúrò lára Kíkà oṣù kẹta ká fi ọ̀kan ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi oṣù kẹjọ nìkan ránṣẹ́, Ìṣirò 690 ni wọ́n máa rí lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, nígbà tó ní 720 nílé. Bí ìjókòó méjèèjì bá dé ọ̀dọ̀ wọn, 670 àti 720 ni wọ́n máa so pọ̀, ó di 1390. Máàkì 30 ni ọ̀rọ̀ ìyá fẹ́ dà nù nítorí ìtìjú 610 tí ẹnikẹ́ni kò ní kà sí i lọ́rùn.

ACT wàyí. Táblì tí College Board àti ACT jọ gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ACT 29 wà ní àyíká SAT 1340. 1360 sí 1380 jẹ́ 30, 1390 sí 1410 jẹ́ 31. SAT rẹ̀ ló lágbára jù, Ìṣirò 27 inú ACT yẹn sì máa ta ko 720. Kó sùn sílé, àfi ti Georgetown tó jẹ́ dandan. Ẹ má sì retí pé ilé ìwé máa mú Kíkà ACT mọ́ Ìṣirò SAT. Wọn kì í da méjèèjì pọ̀.

Dartmouth àti Bowdoin gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bowdoin kò sọ ìdánwò di dandan láti 1969. Dartmouth dá a padà ní 2024 fún àwọn tó ń wọlé láti 2025. 1390 kéré fún àwọn méjèèjì: ní irú ilé ìwé báyìí, láàárín àwọn tó wọlé tó sì fi máàkì ránṣẹ́, ẹni tó wà ní ipò 25 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìsàlẹ̀ máa ń ní nǹkan bí 1500. Èrò tèmi ni pé kó yọ Dartmouth kúrò, kó má sì fi máàkì ránṣẹ́ sí Bowdoin.

---

Ìyàrá_Maryland:

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, mo gbà pẹ̀lú yín dé ìlà tó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni mo ti dúró.

Ká kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn ẹni tó bá fẹ́ wá àkọsílẹ̀ máàkì àwọn tó wọ ilé ìwé kan fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ilé ìwé àti “Common Data Set” sórí Google. Fáìlì PDF tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ gbé jáde ló máa wá. Ẹ lọ sí abala C9. Ẹ máa rí iye ọmọ tó wọlé tó sì fi SAT ránṣẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà máàkì mẹ́ta fún apá kọ̀ọ̀kan: ti ẹni tó wà ní ipò 25 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìsàlẹ̀, ti ẹni àárín, àti ti ẹni ipò 75. Abala C7 máa sọ bóyá ìdánwò ṣe pàtàkì lójú wọn tàbí kò ṣe pàtàkì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni iye tó fi ránṣẹ́. Ní ilé ìwé tí kò bá ti jẹ́ dandan, ẹni tí máàkì rẹ̀ ga ló ń fi í ránṣẹ́, ẹni tí tirẹ̀ kéré á dákẹ́. Ìyẹn ló mú kí àwọn máàkì mẹ́ta yẹn gòkè, kì í ṣe pé àwọn ọmọ tó wọlé gbọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí C9 bá sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ péré ló fi ránṣẹ́, ìlà 25 yẹn kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ìdá méjì yòókù.

Ẹ wá wo Dartmouth. Kí wọ́n tó dá ìdánwò padà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilé ìwé náà yẹ àkọsílẹ̀ tiwọn wò. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ilé tí kò lówó ń fi máàkì pamọ́ nígbà tó jẹ́ pé máàkì yẹn gan-an ni ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀fíìsì ìgbaniwọlé máa ń gbé máàkì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ ti wá. 1400 láti ilé ìwé tí gbogbo kíláàsì ń gba 1500 kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú 1400 láti ilé ìwé tí kò tíì sí ẹni tó jókòó SAT rí. Ọ̀rọ̀ tó yí ọkàn wọn padà nìyẹn. Èmi kò wá rí ìdí tí ọmọ Kàbà fi máa fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ níbi tí onílé ti ní kó wọlé. Dartmouth kì í sì í wo agbára owó ọmọ òkè òkun kí wọ́n tó gbà á. Ilé ìwé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí kò ní ṣiṣẹ́ bí wọn kò bá mọ ibi tí ọmọ ti wá. Olùkọ́, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní School Profile, tí olùtọ́nà máa ń gbé sórí Common App (fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà jọ ń lò) pẹ̀lú èsì ilé ìwé. Ojú ewé kan tàbí méjì ti tó. Ẹ kọ iye ọmọ tó wà ní SS3 síbẹ̀, bí ẹ ṣe ń fún ni ní máàkì (kí wọ́n má rò pé 75 jẹ́ C, nígbà tó jẹ́ A1 lọ́dọ̀ wa), iye àwọn tó gba kírẹ́dìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú WASSCE ọdún tó kọjá, iṣẹ́ tí ẹ ní àti èyí tí ẹ kò ní, iye ọmọ tó ti jókòó SAT nílé ìwé yín, àti bí ibùdó ìdánwò ṣe jìnnà tó. Ẹ kọ ọ́ láìdárò: “Ibùdó tó sún mọ́ wa jù wà ní Àbújá, akẹ́kọ̀ọ́ gba Ọ̀bájánà àti Lọ́kọ́ja kọjá kó tó débẹ̀.” Ẹni tó ń kà á á ṣírò ìyókù. Láìsí ìwé yìí, 1390 á dá dúró ní ìhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1540 ọmọ Boston.

Bowdoin náà, èmi á fi ránṣẹ́. Wọ́n máa ka School Profile yẹn bákan náà.

---

Ọmọ_Ìsánlú:

Àbúrò, mo gbà fún Dartmouth. Ìyẹn dandan ni, bó bá sì máa kọ fọ́ọ̀mù wọn, kó fi ìjókòó méjèèjì ránṣẹ́ kí wọ́n so ó pọ̀. Mo fi kún un pé ẹni tó wá láti ilé ìwé òkè òkun lè fi ìdánwò míì rọ́pò SAT níbẹ̀: AP mẹ́ta, IB, A-Level, tàbí ìdánwò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tó bá a dọ́gba. Kí Olùkọ́ kọ ímeèlì sí ọ̀fíìsì wọn, kó béèrè gbangba bóyá WASSCE wọ inú ìyẹn lójú tiwọn. Ìlà méjì ti tó.

Bowdoin ni mi ò tíì gbà. Ilé ìwé tó ti ń gba ọmọ láìsí máàkì láti 1969 mọ bí a ṣe ń ka fọ́ọ̀mù tí kò ní máàkì nínú. Kí ọmọ lo àyè yẹn fún èsì kíláàsì àti àròkọ rẹ̀. Ìṣirò 720 dára, àmọ́ Kíkà 670 lè bomi pa àròkọ tó dára níbi tí gbogbo ẹ̀kọ́ dá lórí kíkà àti kíkọ.

---

Ìyàrá_Maryland:

670 kò lè bomi pa àròkọ kankan, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi í sí pé: bí C9 Bowdoin bá fi hàn pé àwọn tó fi ránṣẹ́ kò pọ̀, kí ó fi sílẹ̀, bí àwọn tó pọ̀ jù bá ń fi ránṣẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ máa hàn, kí ó fi ránṣẹ́. Ìyẹn tó fún mi.

---

Olùtọ́nà_Kàbà:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ School Profile yẹn ṣe mí láǹfààní, a kò ní irú ẹ̀ rí.

Ìbéèrè lórí bí a ṣe ń fi í ránṣẹ́ ló kù. Nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ fún oṣù kẹjọ, wọ́n fún un láyè láti yan ilé ìwé mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi í sílẹ̀. Ṣé ó ṣì lè lò ó? Àti pé ẹ ò tíì dá mi lóhùn nípa oṣù kejìlá.

---

Káfè_Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ ǹlẹ́ o. Mẹ́rin ọ̀fẹ́ yẹn ti lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìdánwò ló máa ń parí, èsì kì í sì í jáde títí yóò fi tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà ẹni tó bá lò ó, ojú dídì ló fi ń lò ó. Ó dára fún ilé ìwé tí máàkì yòówù máa lọ síbẹ̀, bíi Georgetown. Fún àwọn tó kù, pípàdánù rẹ̀ kì í ṣe àdánù tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ wò ó bóyá ilé ìwé gbà kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ máàkì sórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, Dartmouth wà lára wọn. Bó bá wọlé tó sì gbà láti lọ ni wọ́n á tó béèrè èyí tó ti ọ̀dọ̀ College Board wá. Ìyẹn fi owó pamọ́, nítorí ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ju dọ́là mẹ́wàá lọ, káàdì náírà púpọ̀ sì máa ń kọ̀ ọ́. Káàdì dọ́là ni kí ẹ ti wá sílẹ̀.

Bó bá di dandan láti ti ibẹ̀ fi ránṣẹ́: kó wọ àkáǹtì College Board tó fi forúkọ sílẹ̀ (kó má ṣí tuntun, nítorí èsì oṣù kẹta lè wà nínú ọ̀kan, ti oṣù kẹjọ nínú èkejì), kó wá ibi tí wọ́n ti ń fi máàkì ránṣẹ́, kó wá orúkọ ilé ìwé, kó wá yan ìjókòó. Ibí ni ẹ ti máa là ojú yín sílẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ tẹ Score Choice, gbogbo ìjókòó ló máa lọ. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán tó sì sanwó, kò sí bí a ṣe lè pè é padà. Kó tẹ̀wé ojú ewé tó kẹ́yìn, kó wo déètì ìjókòó lórí rẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnì. ACT ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ilé iṣẹ́ ACT ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fi sílẹ̀ kí ó tó hàn lójú pọ́tálì ilé ìwé. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ibẹ̀ ṣì ń sọ pé wọn kò tíì rí i, nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni orúkọ. Páásípọ́ọ̀tù nìkan ni wọ́n ń gbà ní ibùdó SAT ní Nàìjíríà, nítorí náà orúkọ SAT gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, ti Common App náà gbọ́dọ̀ bá a mu. Ọmọ á máa jẹ́ Olúwafúnmiláyọ̀ nínú páásípọ́ọ̀tù, á kọ Fúnmi sórí Common App, àwọn méjèèjì á di èèyàn méjì nínú kọ̀ǹpútà wọn. Èkejì ni ọjọ́ ìbí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, bó bá kọ 04/09, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni wọ́n kà á sí. Kọ̀ǹpútà kò ní kọ̀ ọ́, torí déètì gidi ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún, á kọ̀ ọ́, ẹ á sì rí àṣìṣe náà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá oṣù ló ń kó sí i jù. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ímeèlì sí ọ̀fíìsì ìgbaniwọlé, pẹ̀lú ojú ewé páásípọ́ọ̀tù àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ SAT, máa tún un ṣe.

Nǹkan kan tún wà nínú Common App. Abala ìdánwò ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo ilé ìwé. Bí ọmọ bá kọ máàkì síbẹ̀, gbogbo ilé ìwé tó bá fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí lẹ́yìn náà ló máa rí i. Bí ẹ bá ti pinnu pé Bowdoin kò ní rí nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù Bowdoin ránṣẹ́ pẹ̀lú abala yẹn lófìfo, kí ẹ tó padà wá kọ máàkì sínú rẹ̀ fún Dartmouth àti Georgia Tech. Àyípadà kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gba tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé ìwé tí kì í ṣe dandan fún náà máa ń béèrè nínú ìbéèrè tiwọn bóyá kí wọ́n wo máàkì. Ẹ dáhùn ìyẹn pẹ̀lú.

---

Ọmọ_Ìsánlú:

Mo fẹ́ fi kún ti Káfè: Olùkọ́, ẹ má kọ máàkì SAT sórí transcript (àkọsílẹ̀ èsì ilé ìwé) tàbí sínú lẹ́tà tí ẹ fi ń jẹ́rìí ọmọ. Ọ̀pọ̀ olùtọ́nà ń ṣe é nítorí pé inú wọn dùn sí ọmọ. Bí ọmọ bá ti pinnu láti má fi ránṣẹ́, lẹ́tà yín ló máa tú u fó.

Oṣù kejìlá: College Board fúnra rẹ̀ sọ pé máàkì kò dúró lójú kan. Ọmọ kan náà tó bá jókòó lẹ́ẹ̀mejì láìkàwé sí i lè fi nǹkan bí 30 yàtọ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan, bí 40 lápapọ̀. 1330 sí 1360 rẹ̀ yẹn, inú àyè yẹn ló wà. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó tẹ̀ síwájú. Bó bá tún lọ láìṣe nǹkan tuntun, ó lè gba 1340, Georgetown á sì rí ìyẹn pẹ̀lú.

Kó ṣe ìdánwò àpẹẹrẹ odindi méjì lórí Bluebook, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe SAT, pẹ̀lú àkókò tó pé: ìṣẹ́jú 64 fún ìbéèrè 54 ti Kíkà àti Kíkọ, ìṣẹ́jú 70 fún ìbéèrè 44 ti Ìṣirò. Bí Kíkà bá kọjá 710 nígbà méjèèjì, kó forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi owó ọkọ̀ Àbújá ṣe nǹkan míì. Kó sì mọ̀ pé módù méjì ni apá kọ̀ọ̀kan pín sí, àkọ́kọ́ ló ń pinnu bóyá èkejì máa le tàbí á rọrùn. Ẹni tó bá kánjú ṣàṣìṣe púpọ̀ ní módù àkọ́kọ́, èyí tó rọrùn ni wọ́n á gbé fún un, máàkì tó lè gbà níbẹ̀ sì ní òrùlé. Ní àkọ́kọ́ ni kó ti fara balẹ̀ jù.

Bó bá jókòó tó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó bàjẹ́, ó lè fagi lé e ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdánwò náà, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Òun fúnra rẹ̀ kò ní rí máàkì náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i. Àmọ́ bó bá ti fagi lé e, ó ti parí nìyẹn, owó náà kò ní padà.

---

Ìyàrá_Maryland:

WAEC àti JAMB kù.

JAMB, wọn kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ má fi ránṣẹ́ síbì kankan, ẹ má sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Síbẹ̀ kó jókòó UTME, nítorí ọdún kan péré ni máàkì rẹ̀ ń lò, Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin sì wà nílẹ̀ bí Amẹ́ríkà kò bá dáhùn.

WASSCE kò tíì ṣe, àbí? Nígbà náà, máàkì tí ẹ retí pé yóò gbà ni ẹ máa kọ, pẹ̀lú èsì ilé ìwé láti JSS3 títí dé SS3. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń kà, JSS3 sì ni ìkíní nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ wá èsì JSS3 yẹn jáde nísinsìnyí, òun ló máa ń sọnù jù. Bí wọ́n bá gbà á wọlé tí WASSCE sì jáde, wọ́n lè béèrè PIN tí wọ́n fi ń wo èsì. Ìgbà márùn-ún péré ni PIN kan ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ, bàbá, ìyá àti àwọn àbúrò bá ti fi wò ó tán nílé, ọ̀fíìsì ilé ìwé á tẹ̀ ẹ́ kò ní ṣí. Ẹ ra tuntun fún wọn, ẹ má lò ó rárá.

Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì náà: àwọn ilé ìwé kan kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, àwọn kan ń béèrè. Bí wọ́n bá béèrè, Duolingo ni kó wò ó bóyá wọ́n gbà, nítorí fífi máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ kò gba owó kankan, iye ilé ìwé yòówù kó jẹ́. Ọdún méjì ni ó ń lò, bíi ti TOEFL àti IELTS.

---

Olùtọ́nà_Kàbà:

Ó yé mi. Georgetown: gbogbo rẹ̀. Georgia Tech àti Dartmouth: SAT méjèèjì, láìsí ACT. Davis: òfo. Bowdoin: mo máa ṣí C9 lálẹ́ yìí. Màá sì ní kó ṣe Bluebook kó tó di pé a sọ̀rọ̀ oṣù kejìlá mọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo: ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, ó sì ti kọ 03/10 sórí Common App. Ṣé ó ti bọ́ sí i nìyẹn?

---

Káfè_Ẹ̀gbẹ̀:

Ó ti bọ́ sí i. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ni wọ́n rí yẹn. Bí kò bá tíì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ síbì kankan, kó lọ sí abala Profile lórí Common App, kó yí i sí 10/03, kó sì wo ti College Board bóyá ìkan náà ló kọ síbẹ̀.